Igi Tó Ń Sáré Dípò Ẹsẹ̀

Ilé Káfíńtà,
Fate, Ìlọrin.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní, ọdún 2025.

Hamidat Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Àsàláàmù aléékún. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Leeds kò tíì sọ ọ́ di yìnyín? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń jẹun. Mo sọ fún un pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì tí mo rí nínú fọ́tò rẹ ti dáhùn ìbéèrè yẹn.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìwọ nìkan lo máa ń sọ ọ́, èmi á kàn máa ṣe “hẹ̀n, hẹ̀n” bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Nínú lẹ́tà, kò sẹ́ni tó lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Husseinat tó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì ní Post Office ló máa ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sórí Wọ́sáàpù rẹ. Ìwọ náà, kọ tìẹ sínú ìwé, kí n lè rí ohun tí mo máa tún kà nígbà tí inú bá ń bí mi sí ọ.

Orúnkún mi ti ń san. Wọ́n ti tú ohun funfun líle tí wọ́n fi dì í ní ọsibítù. Mo ń tiro díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń tiro bí ẹni tó lówó lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi mú bírò nìyí: báàtì tẹníìsì orí tábìlì.

O mọ tábìlì tó wà lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí wa. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kàn án, kí wọ́n tó bí ọ. O sì mọ òfin wa níbẹ̀. Bí a bá ti kí ìrun Alásárì tán, a ó gbá ẹyin, bọ́ọ̀lù funfun wa kékeré yẹn. Ẹni tó bá pàdánù ni yóò gbé búútà, tí yóò rọ omi àlùwàlá fún ẹni tó borí kí Màgàríbì tó dé. Kò sí owó, kò sí ife ẹ̀yẹ. Búútà nìkan ni. Ṣùgbọ́n o mọ bí ó ṣe ń dun àgbàlagbà tó láti bẹ̀rẹ̀ níwájú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Garba ọ̀rẹ́ mi, alálùbọ́sà ọjà Ipata, ti rọ omi sí mi lẹ́sẹ̀ débi pé ó mọ ìka ẹsẹ̀ mi ju ìyá rẹ lọ.

Ní Àlàmísì tó kọjá, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Sufyan, tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá, gbé báàtì kan wá sí àtíbàbà wa. Wọ́n ní kábọ́ọ̀nù, irú ohun tó wà nínú èédú, wà nínú igi rẹ̀. Mo wo etí rẹ̀, mo sì rí i: ìlà dúdú méjì, tín-ín-rín bí òwú, láàárín pákó funfun. Òyìnbó dẹ́rùbà mí. Àwa ń sun igi kó lè di èédú, àwọn ń kó èédú padà sínú igi!

Gbogbo wa gbé e wò, olúkúlùkù sì sọ tẹnu rẹ̀. Garba ní ó fẹ́ẹ́rẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ó ní afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lè gbé e lọ mọ́ òun lọ́wọ́. Ọ̀gá Abdulmumini, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ẹyin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fò kọjá tábìlì. Ó ní, “Báàtì yìí kò ní sùúrù.” Èmi gbé e sétí, mo fi ìka kàn án bí mo ṣe ń ṣe fún pákó. Ó dún kó! Igi tó bá dún bẹ́ẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ sínú.

Mo fi gbá ẹyin mẹ́ta péré. Mi ò sáré, mi ò fò. Mo kàn nawọ́ ni, ẹyin ti kọjá lára Sufyan, ó ti ń yí lọ sídìí bàtà àwọn akírun. Hamidat, mo jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, orúnkún mi ti sọ tẹnu rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kò bá lè sáré mọ́, igi ló yẹ kó sáré.

Ra ọ̀kan fún mi. Má bi ìyá rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ tó lẹ́wà ju gbogbo bàbá Fate lọ,
Àbdùlsàlámì.

*

Leeds.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kìíní, ọdún 2025.

Bàbá mi,

Wàáléékún sàláàmù. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo kí ìyá mi, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mò ń jẹun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti jogún rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá, ẹ ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yẹn gan-an. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó àlùbọ́sà ni Bàbá Garba fi gbé yín lọ sí ọsibítù. Ẹ sì ṣèlérí fún mi lórí fóònù, ẹ ní, “Hamidat, mo ti fi báàtì sílẹ̀.” Ìyá mi gbọ́, dókítà gbọ́. Ṣé ọ̀rọ̀ àgbà ti di èyí tí wọ́n ń fọ̀ dànù ni?

Ẹ mọ̀ pé ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Èmi ni mò ń gbé wọn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi ni mò ń yí wọn padà. Bàbá, ọ̀pọ̀ wọn ló rìn dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn ìṣubú kìíní. Lẹ́yìn ìkejì, wọn kì í rìn mọ́.

Kí ẹ má baà ní mi ò gbọ́ tiyín, mo lọ ka ohun tí àwọn tó ń gbá báàtì náà kọ nípa rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ará Jámánì kan ní bí òun bá fẹ́ fọwọ́ tọ́ ẹyin jẹ́jẹ́ lórí nẹ́ẹ̀tì, ńṣe ló ń fò lọ bí ẹyẹ. Ará Póláǹdì kan lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, ó dá a padà. Ó ní báàtì náà ti máa ń gbá ẹyin kí òun tó pinnu ibi tí òun fẹ́ gbá a sí. Obìnrin ará Faransé kan ní tòun fẹ́ẹ́rẹ́ débi pé èjìká tó ti ń dun òun tipẹ́ ti sinmi. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan ní kò sí irú rẹ̀ láyé, ó ní kí àwọn tó bá lọ́ra máa lọ gbá káàdì. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní kóòṣì wá kọ ọ́ gbangba pé kò dára fún ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kí irú wọn ra igi lásán.

Ẹ ti gbọ́ fúnra yín. Mi ò ní rà á. Mo ti ra ọ̀pá ìtilẹ̀ kan tó dára fún yín, ó ní rọ́bà nídìí, kò lè yọ̀. Ọ̀pá lẹ nílò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.

Ọmọ yín,
Hamidat.

*

Fate, Ìlọrin.
Ogúnjọ́, oṣù kìíní, ọdún 2025.

Hamidat,

Àsàláàmù aléékún. Ara wa le. Ìyá rẹ ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn, òun lo ń bú, kì í ṣe èmi.

Ọ̀rọ̀ ìlérí kọ́kọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún mi lábẹ́rẹ́ nígbà yẹn ni. Lọ́jọ́ kan náà mo ṣèlérí fún nọ́ọ̀sì pé màá kọ́lé olókè fún un. Kò tíì wá béèrè ilé rẹ̀. Òun mọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ó kan àwọn ẹlẹ́rìí rẹ. Ará Jámánì yẹn, ta ló ní kó máa fọwọ́ tọ́ ẹyin? Ṣé ọmọ tuntun ni? Ará Póláǹdì ní báàtì ń gbá a kí òun tó pinnu. Kó yára pinnu! Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, mo gba tiẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀kọ́. Kóòṣì yẹn, bi í bóyá ó ti dé Ìlọrin rí. Àmọ́ obìnrin Faransé tí èjìká rẹ̀ sinmi, àbúrò mi nìyẹn. Bá mi kí i. Ọ̀rọ̀ àgbà ló sọ, ìwọ sì kà á kọjá bí ẹni ń ka ìwé ìpolongo ìbò.

Ìwọ kò sì béèrè ohun tó ń dùn mí gan-an. Jẹ́ kí n sọ ọ́ láìfi rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ọsibítù, bí mo bá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ àtíbàbà, Garba á gbé búútà. Kò sẹ́ni tó tíì gbá ẹyin kan. Á bẹ̀rẹ̀, á máa rọ omi sí mi lẹ́sẹ̀. “Má dìde, Sálámì. Má dìde.” Mo ní kó jẹ́ ká gbá a, ó ní lọ́jọ́ mìíràn. Mo ní lọ́la ńkọ́, ó ní in shá Allah. Oṣù méjì nìyẹn. Àwọn tó kù ń wò mí bí ìgbà tí wọ́n ń wo ilé tó fẹ́ wó. Mi ò borí ẹnikẹ́ni, omi ń kan ẹsẹ̀ mi. Hamidat, omi tí ènìyàn kò jà fún, bí omi ìwẹ̀ òkú ló ń tutù sí mi lára. Níwájú tábìlì tí mo fọwọ́ ara mi kàn!

Nítorí náà, má fi ọ̀pá ránṣẹ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ báàtì tèmi. Mo lo igi arère, mo fi aṣọ agboòrùn dúdú sáàárín rẹ̀ dípò kábọ́ọ̀nù. Ó là sí méjì ní ẹyin kẹfà, ìlàjì kan lọ bá ìyá rẹ nínú ilé ìdáná. Ó ní tí èkejì bá tún wọlé, èmi náà á jáde.

Màá gbẹ́ òmíràn. Mi ò ní jókòó kí wọ́n máa rọmi sí mi lẹ́sẹ̀.

Bàbá rẹ tí kò gbọ́ràn,
Àbdùlsàlámì.

*

Leeds.
Ọjọ́ kìíní, oṣù kejì, ọdún 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Mo ka lẹ́tà yín nínú bọ́ọ̀sì, mo rẹ́rìn-ín agboòrùn, àwọn ènìyàn ń wò mí. Nígbà tí mo dé ibi omi yẹn, mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀.

Mo ti rà á. Ummu-Kulthum, ọmọ Ilé Olóyin tí a jọ ń gbé, ń bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ yìí. Ó máa gbé e dé Fate fúnra rẹ̀. Kò sí rọ́bà lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tà á, igi lásán. Ẹ bọ́ rọ́bà ti báàtì yín àtijọ́, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ọ̀pá náà wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yin ni bàbá mi, èmi náà sì ní agídí tèmi.

Àdéhùn kan ṣoṣo: ẹ máa fi gbá ẹyin mọ́ ògiri. Ẹ jókòó sórí àga, kí ẹ gbá a mọ́ ògiri. Kì í ṣe lórí tábìlì. Kì í ṣe pẹ̀lú Bàbá Garba.

Ẹ kọ̀wé sí mi tó bá ti dé.

Hamidat yín.

*

Leeds.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì, ọdún 2025.

Bàbá mi,

Àsàláàmù aléékún. Ummu-Kulthum ní òun ti gbé ẹrù náà fún ìyá mi láti ọjọ́ karùn-ún oṣù yìí. Ó ní ẹ kò sí nílé, ẹ lọ kí àwọn àna wa ní Ọ̀fà. Láti ìgbà yẹn, mi ò gbúròó yín.

Mo pe ìyá mi lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ní ìgbà àkọ́kọ́ wọ́n ní ẹ ń sùn. Ní ìkejì wọ́n ní ẹ ń kírun. Ní ìkẹta wọ́n ní omi ń hó lórí iná. Lánàá, mo béèrè báàtì, wọ́n ní, “Hamidat, Ọlọ́run á forí jì mí,” wọ́n sì pa fóònù.

Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ẹ tún ti ṣubú? Bí ẹ bá ti tún ṣubú, ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn sọ fún mi. Bí inú bá ń bí yín nítorí ọ̀rọ̀ ògiri, ẹ bú mi. Ẹ bú mi nínú lẹ́tà ojú ewé mẹ́rin, màá kà á tán. Kí ẹ kàn má dákẹ́.

Hamidat.

*

Fate, Ìlọrin.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kejì, ọdún 2025.

Hamidat,

Àsàláàmù aléékún. Mi ò ṣubú. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo ní, ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀rín, ọ̀kan láìsí ẹ̀rín. Màá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dùn, kí o lè ní agbára fún èkejì.

Lóòótọ́, Ọ̀fà ni mo wà nígbà tí ẹrù dé. Ìyá rẹ tú u. Ó rí pákó pẹlẹbẹ, dídán, tó ní ọrùn tí ènìyàn lè dì mú. Nínú ilé káfíńtà tó ti gbẹ́ wálàá fún àwọn ọmọ ilé kéwú láti ogójì ọdún, kí lo rò pé obìnrin náà máa pè é? Ó ní, “Wálàá òyìnbó! Tiwọn kàn rí roboto ni.” Ó ní o rántí àwọn ọmọ kéwú nítorí ààwẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ṣàdúrà fún ọ, ó sunkún ayọ̀ díẹ̀, ó sì gbé báàtì mi lọ fún Alfa Naeem.

Mo dé láti Ọ̀fà lọ́jọ́ kejì. Mo béèrè ẹrù mi, ìyá rẹ ní, “Ọ̀pá rẹ nìyí. Wálàá ti dé ilé kéwú.” Wálàá wo? Mo fi ọ̀pá náà sáré dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo fi ọ̀pá rẹ sáré, kọ ọ́ sílẹ̀. Mo bá báàtì mi lórí ẹní. Alfa Naeem ti fi tàdáwà kọ Fátíhà sí i lójú, láti òkè dé ìdí ọrùn, lẹ́tà náà dúdú, ó rẹwà. Ó wò mí, ó ní, “Bàbá, igi tí ọmọ yín rán wá yìí gba gègé dáadáa. Ó yá lọ́wọ́.” Àní Alfa gan-an sọ tẹnu rẹ̀ nípa báàtì yẹn!

Mo gbé báàtì náà, mo yí i wò. Ta ló máa fi Fátíhà gbá ẹyin? Garba gan-an kò láyà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Alfa, ó rẹ́rìn-ín títí láwàní rẹ̀ fi tú. Ó ní kò sí ohun tó bàjẹ́, ohun tí a máa ń ṣe fún wálàá náà la ó ṣe: hàntú. Kí a fi omi fọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kúrò lójú rẹ̀ tónítóní, a kò gbọdọ̀ da omi náà sílẹ̀ kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́, kí n mu ún. Mo mu ún. Igbá kan gbáko. Nítorí náà, Hamidat, èmi nìkan ni mo wà láyé yìí tó mu báàtì rẹ̀ kó tó fi gbá ẹyin. Bi ará Póláǹdì yẹn bóyá ó ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó dá tiẹ̀ padà.

Ṣùgbọ́n omi ti wọ igi. Etí rẹ̀ wú níbi tí kábọ́ọ̀nù wà. Mo fi í sáàárín pákó méjì, mo fún un pọ̀ pẹ̀lú irin iṣẹ́ mi, mo gbé e síbi òjìji fún ọjọ́ méje. Ìdí nìyẹn tí mo fi dákẹ́. Mi ò fẹ́ kọ lẹ́tà ìsìnkú báàtì sí ọ. Ìyá rẹ ń tọ́jú rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ bí aláìsàn.

Ó san. Ó wúwo díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Mo lẹ rọ́bà mi mọ́ ọn, mo gbé e lọ sí àtíbàbà ní Sàtídé. Sufyan gbá a, ó ní ó ṣì yá, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti yí. Ọ̀gá Abdulmumini gbá a, ẹyin mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sórí tábìlì. Ó ní, “Ẹ ò rí i? Ó ti ka kéwú, ó ti ní sùúrù.”

Ẹ̀rín tán níbẹ̀ yẹn.

Garba kò fọwọ́ kàn án. Mo na ẹyin sí i, mo ní, “Wá, jẹ́ ká gbá a.” Ó yíjú, ó lọ gbé búútà. Mo bá a di ọwọ́ búútà náà mú. Àgbàlagbà méjì ń já búútà gbà, omi ń ta sí wa láṣọ. Mo ní, “Garba, sọ ohun tó ń ṣe ọ́, tàbí kí n má kí ọ mọ́.” Ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Ọmọ ẹ ló bẹ̀ mí. Ó sunkún sí mi létí lórí fóònù. Mo ti ṣe àdéhùn fún un pé mi ò ní bá ọ gbá a mọ́ láé.”

Hamidat, ìwọ ni.

Mo rò pé ọ̀rẹ́ mi ti rí ikú lójú mi ni. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wo ara mi nínú dígí, mò ń wá ohun tí Garba rí. Ìwọ lo gba tábìlì mi lọ́wọ́ mi láti òkè òkun, ìwọ lo bẹ ọ̀rẹ́ mi kó máa rọmi àánú sí mi lẹ́sẹ̀. O sì tún rán báàtì sí mi kí n máa fi gbá ògiri! Ṣé ògiri lè pàdánù ni? Ṣé ògiri lè gbé búútà?

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Mi ò fẹ́ ìfẹ́ tó ń pa orúkọ mi rẹ́ níbi tí mo ṣì ti ń jókòó. Bí mo bá máa ṣubú, orúnkún mi ni yóò gbé mi ṣubú, kì í ṣe ọmọ mi.

Pe Garba. Tú u sílẹ̀. Títí o ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, má pè mí.

Àbdùlsàlámì.

*

Leeds.
Ogúnjọ́, oṣù kejì, ọdún 2025.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Lóòótọ́ ni. Èmi ni.

Lọ́jọ́ tí ẹ ṣubú, ìyá mi pè mí, mo sì gbọ́ ohùn yín lẹ́yìn wọn, ẹ ń ké. Mi ò gbọ́ kí ẹ ké rí láyé mi. Èmi nìyí, mò ń gbé bàbá oníbàbá níbí, ta ló ń gbé bàbá tèmi? Bàbá Garba ni ẹni tí mo mọ̀ tó wà nítòsí. Mo bẹ̀ wọ́n. Mi ò mọ̀ pé wọ́n á fi búútà sí i. Omi yẹn, mi ò rán wọn. Ọkàn tiwọn ló rán wọn.

Ọmọ Àbdùlsàlámì lèmi náà. Mi ò ní tọrọ àforíjì fún ẹ̀rù tó bà mí. Ó ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n bàbá kan wà ní ibi iṣẹ́ wa, ó jẹ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ara rẹ̀ le. Kò ṣubú rí. Ọmọ rẹ̀ ní kó má ṣe èyí, kó má ṣe tọ̀hún, títí ó fi ń jókòó lójú fèrèsé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín tán, mo lọ jókòó tì í. Mo bi í ohun tó fẹ́. Ó ní òun ò mọ̀ mọ́.

Nítorí náà, mo tọrọ àforíjì fún omi yẹn, àti fún tábìlì yín. Tọkàntọkàn.

Mo ti pe Bàbá Garba. Ohun tí mo bá wọn sọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún yín. Ẹ kí ìyá mi, ẹ ní kí wọ́n má sunkún mọ́ nítorí wálàá. Mo ti rán owó wálàá gidi sí Alfa Naeem. Kí ààwẹ̀ tó wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi.

Hamidat yín.

*

Fate, Ìlọrin.
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì, ọdún 2025.

Hamidat Àjọkẹ́, ọmọ mi,

Àsàláàmù aléékún. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kí Jímọ̀ tán. Wọ́n ní bí oṣù bá yọ nírọ̀lẹ́ yìí, ààwẹ̀ di ọ̀la. Orúnkún mi wà níbẹ̀, ó ń dùn mí. Ìyá rẹ ń fi òrí pa á, ó sì ń bú mi bó ṣe ń pa á. Jókòó, kí n rò fún ọ.

Lánàá, lẹ́yìn Alásárì, Garba bọ́ agbádá rẹ̀, ó so ó mọ́ òpó àtíbàbà. Láti oṣù kọkànlá, kò bọ́ agbádá níwájú mi. Ó mú báàtì rẹ̀, ó ní, “Sálámì, dìde.” Hamidat, o mọ iye ìgbà tí ọkùnrin yẹn ti ní kí n má dìde?

Mo dìde. Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì dìde pẹ̀lú mi.

Géèmù márùn-ún, ẹni tó bá mú mẹ́ta ló borí. Mo dúró sójú kan, mi ò sáré rárá, bí o ṣe fẹ́. Igi ló ń sáré. Mo gba géèmù kìíní kí Garba tó rí ojú ẹyin. Ó ní, “Kí ni wọ́n fi sínú igi yìí?” Ọ̀gá Abdulmumini ní, “Fátíhà.” Garba gba ìkejì. Mo gba ìkẹta. Mo ti ń wo búútà, mo ti ń yan ẹsẹ̀ tó máa kọ́kọ́ rọmi sí.

Nígbà náà ni ọ̀dàlẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀. Ó rí i pé mi ò lè yí sí apá òsì, níbi tí orúnkún ti ń dùn mí. Gbogbo ẹyin, ibẹ̀ ló ń gbá a sí! Òsì, òsì, òsì. Àwọn tó ń wòran pariwo mọ́ ọn, wọ́n ní, “Garba, bẹ̀rù Ọlọ́run!” Ó ní, “Ẹ dákẹ́, kò bẹ̀bẹ̀.” Ó gba géèmù kẹrin.

Hamidat, inú mi dùn. Ó dùn débi pé ojú mi ṣú díẹ̀. Ẹni tó ń ṣàánú ẹni kì í gbá ẹyin síbi tó ń dunni. Ọ̀rẹ́ mi ti padà dé.

Géèmù karùn-ún, mọ́kànlá ló ń parí rẹ̀, a dé mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án. Mo gbá ọ̀kan tí ará Póláǹdì kò lè gbá láé, Garba nawọ́ bí ẹni tó fẹ́ mú eṣinṣin, ó sì dá a padà. Mi ò mọ bó ṣe ṣe é. Ó di mẹ́wàá. Èyí tó tẹ̀ lé e, òsì náà ni. Mo wò ó tó ń bọ̀, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ kò ní dé ibẹ̀, mo na igi síwájú. Ó kan etí báàtì, ibi tó wú yẹn. Ó dún tó! Ó bọ́ sílẹ̀. Mọ́kànlá sí mẹ́sàn-án.

Garba gbá tábìlì, ó mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, “Ọmọ ẹ pè mí. Ó ní bí mo bá dẹwọ́ fún ọ lẹ́yìn tí òun ti tú mi sílẹ̀, òun á gbọ́, òun ò sì ní dárí jì mí láyé àti lọ́run.”

Ọmọ tó gbọ́n ni mo bí. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí o sọ ní oṣù kọkànlá nìyẹn, ṣùgbọ́n mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Mo gbé búútà. Mo tiro dé ìdí garawa, mo bu ún kún. Kò sẹ́ni tó ní kí n jókòó. Garba ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó na ẹsẹ̀ síwájú bí Ẹ́míà Ìlọrin. Mo bẹ̀rẹ̀, orúnkún mi ké, mo rọ omi sí i lẹ́sẹ̀. Ó ní, “Ìka tó kéré jù kò tíì rí omi, Sálámì. Tún un rọ.” Mo tún un rọ. Mo ní kí ìka kékeré rẹ̀ gbádùn ara rẹ̀ dáadáa, nítorí lẹ́yìn Ìtúnu ààwẹ̀, yóò mọ ibi tí a ń so búútà kọ́.

Ọ̀pá rẹ wúlò gan-an. Òun la fi ń fa ẹyin jáde lábẹ́ tábìlì.

Sufyan ní etí báàtì tó wú yẹn ló pa mí, ó ní kí n ra òmíràn. Mi ò ra òmíràn. Èyí tí mo ti mu ni màá lò. Rọ́bà tuntun ni kí o fi ránṣẹ́, pupa, kí ó dé ṣáájú ọdún Ìtúnu ààwẹ̀. Sì pè mí lórí fóònù. Màá jẹ́ kí o sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Bàbá rẹ tó pàdánù,
Àbdùlsàlámì.